Àṣìṣe Tí Kò Pa Ẹnikẹ́ni Lára

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a máa ń tú ìdájọ́ sílẹ̀,
aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, bí ẹni ṣí ilé ẹyẹlé.
Ìṣẹ́gun. Mo máa ń bi ara mi pé, ti ta?
Èmi kọ́ ni adájọ́.
Akọ̀wé tí ń wo kọ́mà ni mí,
ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn
ìpínlẹ̀ Nebraska, níbi tí páìpù ìgbóná ti ń súfèé
láti oṣù Kọkànlá títí yìnyín yóò fi yọ́.

Mẹ́rin ló wọlé lọ́sẹ̀ yìí.
Ọkùnrin kan tí ọlọ́pàá tú búùtù ọkọ̀ rẹ̀ láìgbàṣẹ:
wọ́n da ẹ̀rí náà nù.
Obìnrin kan tí wọ́n ka ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo sí lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì:
wọ́n yọ ọ̀kan, wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀.
Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ní òun jẹ̀bi
láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í bóyá ó yé e:
ẹ lọ tún un bẹ̀rẹ̀.
Ìkẹrin ni ti Teodor Kucera.

Abà Halvor Lindgaard ló jó lóru,
pẹ̀lú ọmọ màlúù mọ́kàndínlógún.
Wọ́n bá Teodor lójú títì, kẹrosíìnì ń rùn lọ́wọ́ rẹ̀.
(Sítóòfù ló ń tún ṣe jẹun. Ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣàìrùn.)
Òfin ní bó bá wù ú, kí ó dákẹ́.
Ó dákẹ́.
Wọ́n ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́;
ti Teodor kò bá a dákẹ́ o.
Agbẹjọ́rò ìjọba fa ìdákẹ́ náà lọ́wọ́ wọlé,
ó mú un dúró níwájú àwọn méjìlá tí ń gbẹ́jọ́,
ó nàka sí i bí ẹlẹ́rìí tó ti búra:
“Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ a máa fọhùn.”

Ojú ìwé kẹrìnlá: *àṣìṣe ni èyí.*
Àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà bẹ́ẹ̀.
Mo ṣí ojú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún:
*ṣùgbọ́n àṣìṣe tí kò pa ẹnikẹ́ni lára ni.*
Ọdún mọ́kànlá dúró bó ṣe wà.
Adájọ́ Wilhelmina Strand nìkan ló kọ tirẹ̀ sọ́tọ̀,
ìwé méjì péré, bí ẹni tó ti rẹ̀:
“Ẹ da iyọ̀ sínú kànga,
ẹ wá ń sọ fún mi pé ẹ̀kún ṣíbí kan ni.”

Lọ́dún kìn-ín-ní mi níbí, mo gbàgbé kọ́mà kan.
Wọ́n kó odindi ìdájọ́ padà wá bá mi,
igba ẹ̀dà, kí n tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀.
Wọ́n ní kọ́mà lè ba ayé ènìyàn jẹ́.
N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.
Ti Teodor yìí, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.
Gbogbo kọ́mà ibẹ̀ ló pé.

Lọ́sàn-án, tẹlifóònù dún.
Ludmila Kucera ni, láti ẹ̀bá odò Niobrara,
ohùn rẹ̀ ń ti inú afẹ́fẹ́ bọ̀.
Ó ní òun ti kà á láti òkè dé ilẹ̀,
òun fi rúlà tẹ̀lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan,
ojú ìwé wo gan-an ni wọ́n kọ ọjọ́ tí yóò wálé sí?
Mo ní, màmá, kò sí níbẹ̀.

Ó dákẹ́.
Mo ń gbọ́ aago ara ògiri rẹ̀, mo ń gbọ́ ajá kan lókèèrè.
N kò mọ ohun tí ìdákẹ́ yẹn ń sọ,
n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a túmọ̀ rẹ̀.
Nígbà tó gbé e sílẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀:
aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, ìyá, ìbéèrè kan.
Mo tún un wò
bóyá mo ṣì í kọ.